Adé Tí Kì Í Ṣe Ti Orí Ènìyàn

Bí inú bá ń bí àwọn obìnrin mìíràn, láti ìta lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ti Rẹ̀mílẹ́kún Dáramọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìbínú bá gbé e, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, tí yóò máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ènìyàn wá ọ̀nà gbà. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ ọ́ pé, "Tí Rẹ̀mí bá ń pariwo, ẹ dúró tì í. Tó bá ti dákẹ́, ẹ sá."

Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ló bá gba iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Ẹni tó ń tọ́jú báyìí ni Màmá Ilse, obìnrin Júù kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó ń gbé ní Toco Hills, ní ìlú Atlanta. Jámánì ni wọ́n bí i sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe é. Wọn a jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, wọn a jiyàn lórí ìròyìn, wọn a jiyàn lórí bóyá kí fèrèsé wà ní ṣíṣí tàbí ní títì.

Ní ìjọ wọn ní Lilburn, Rẹ̀mílẹ́kún ni olórí àwọn tó ń tọ́jú pẹpẹ. Òun ló ń lọ aṣọ tábìlì, òun ló ń nu ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa, òun ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo wà. Ìdí nìyẹn tí Alàgbà Oyèníran fi pè é sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, tó na àpò kan sí i. Iṣẹ́ ilé títà ni Alàgbà ń ṣe. Ó lawọ́, ariwo rẹ̀ sì pọ̀.

"Sister Rẹ̀mí, ẹ wo nǹkan tí Ọlọ́run ṣe! Mo lọ wo ilé kan ní Covington. Bàbá òyìnbó tó ni ín ló kú, àwọn ọmọ wá ń ta ẹrù rẹ̀. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ báyìí, lórí dùùrù ni mo ti rí i, wọ́n ki òdòdó oníke bọ inú rẹ̀. Mo ní, ha! Adé Ísírẹ́lì rèé!"

Rẹ̀mílẹ́kún gbé e jáde nínú àpò. Adé fàdákà ni lóòótọ́, ó sì wúwo lọ́wọ́. Wọ́n gbẹ́ ewé àti èso sí i lára, agogo wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ ọn yí ká, tó ń dún ṣínrín bí ó ṣe ń yí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tẹ̀ wọnú, ibẹ̀ sì dúdú. Dúdú náà kì í ṣe ti ìdọ̀tí, ó dà bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí ààrò. Àwọn lẹ́tà tí kò mọ̀ ọ́n kà yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ po.

"Sunday tó tẹ̀ lé ti ọ̀la, tí a fẹ́ ṣe àjọ̀dún Pásítọ̀, a ó fi dé wọn lórí níwájú gbogbo ìjọ," Alàgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ ṣáà bá wa bó dúdú yẹn kúrò. A fẹ́ kó máa dán gbinrin."

Rẹ̀mílẹ́kún wo inú adé náà. Ọ̀pá irin oníhò kan dúró nínú rẹ̀, tó gùn tó ìka. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kùkùté òmíràn ló kù níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì funfun, ó sì mú.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Àwọn irin yẹn ni kì í jẹ́ kó jókòó lórí. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe góòlù ní mall. Ó ti gé ọ̀kan. Wednesday ni mo máa gbé e padà lọ kó gé ìkejì, kó wá fi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tẹ́ inú rẹ̀."

Inú kò tíì bí Rẹ̀mílẹ́kún nígbà náà. Ó kàn ń rò ó pé ẹni tó fara balẹ̀ ṣe nǹkan báyìí kò ní fi irin méjì sínú rẹ̀ lásán. Nígbà tí ó di Monday tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó gbé adé náà dání. Ó dá a lójú pé Màmá Ilse yóò mọ ohun tí àwọn lẹ́tà náà ń wí.

Màmá Ilse ń mu tíì nígbà tó gbé e lé orí tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ, ohùn Jámánì lápá kan, ohùn Yorùbá lápá kejì. Lọ́jọ́ náà, ojú Màmá kò kúrò lára adé. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, kọ́ọ̀bù náà kò bá àwo, tíì dà sórí tábìlì, kò sì wò ó. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò pa ibi tó dúdú náà, ó sì gbé àtàǹpàkò ọ̀hún sí imú.

"Níbo lo ti rí èyí?"

Rẹ̀mílẹ́kún ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ fi dé ta lórí?"

"Pásítọ̀ wa, Ma."

"Kì í ṣe ti orí ènìyàn!" Ohùn Màmá le débi pé Rẹ̀mílẹ́kún sún sẹ́yìn. "Ìwé Òfin la máa ń fi í dé lórí. Tórà. Awọ ni a fi ọwọ́ kọ ọ́ sí, igi méjì la sì ká a mọ́. Orí igi méjèèjì ló ń wọ inú irin méjì yẹn. Kò sẹ́ni tó ń dé adé nínú ilé ìjọsìn wa, àfi ìwé yẹn nìkan. Bàbá mi kò dé e. Rábì kò dé e." Ó fa adé náà mọ́ra, ó wo inú rẹ̀, ó sì rí kùkùté náà. "Ta ló gé èyí?"

Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀ sí í nu tíì tó dà.

"Iná kọ́ ló gé e. Mo mọ ohun tí iná ń ṣe. Mo ní ta ló gé e?"

"Àwa ni, Ma. Àwọn ará ìjọ mi ni."

Màmá Ilse ní kó fún òun ní ìgò ojú òun. Ó ka àwọn lẹ́tà náà yí po, díẹ̀díẹ̀. Mendel àti Freide ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi adé náà ta ìjọ wọn lọ́rẹ ní ìrántí Gittel, ọmọ wọn tó kú. Orúkọ ìlú wọn ló yẹ kó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni adé ti tẹ̀ wọnú, ìdajì orúkọ náà ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Màmá sọ ohun tí kò sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń jiyàn lórí iyọ̀.

"Bàbá mi ló ń tọ́jú sínágọ́gù ìlú wa. Bí ìwọ ṣe ń tọ́jú ti ìjọ yín náà nìyẹn. Ọmọdé ni mí nígbà tí àwọn tó kórìíra Júù dáná sun ún. Àwọn panápaná wá o. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ara ilé àwọn tí kì í ṣe Júù ni wọ́n ń da omi sí, kí iná má bàa ràn mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi wọ inú eérú lọ, èmi náà tẹ̀ lé e. A rí adé kan. A rí àtùpà kan tó ti yọ́, tó rọ̀ sílẹ̀ bí ìda àbẹ́là. Bàbá fi kóòtù rẹ̀ wé wọn mọ́ àyà. A kò tíì délé tí ọlọ́pàá fi dá wa dúró. A mọ̀ ọ́n. Ó máa ń jẹ búrẹ́dì ìyá mi lọ́jọ́ ọdún. Ó gba kóòtù náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì mú bàbá fúnra rẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé. Bàbá padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó gbóhùn sókè mọ́ títí ó fi kú."

"Ṣé tiyín nìyí, Ma?"

"Rárá. Ìràwọ̀ ló wà lórí tiwa. Ti ẹlòmíràn nìyí. Ṣé ìyẹn wá sọ pé kí wọ́n máa gé e ni?" Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo adé náà bí ẹni ń bo ọmọ. "Má fọ dúdú yẹn o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́."

Bí Rẹ̀mílẹ́kún ṣe ń wakọ̀ padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yà sí iwájú ilé ìtajà kan, ó sì pa ọkọ̀. Kì í ṣe Màmá Ilse nìkan ló ń rò. Bàbá tirẹ̀ ló ń rò.

Ní ìlú tí wọ́n bí Rẹ̀mílẹ́kún sí, bàbá rẹ̀ ni olùkọ́ ìjọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú wọn àti ìlú kejì, wọ́n sì dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ife fàdákà tí bàbá fi ń pín wáìnì pòórá. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, tí wọ́n tún lè gba ìlú kejì kọjá, òun àti bàbá ń lọ lójú ọ̀nà, wọ́n sì rí àwọn ọkùnrin kan lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń fi ife náà mu ẹmu. Rẹ̀mílẹ́kún mọ̀ ọ́n, torí ó sán létí. Ó fẹ́ la ẹnu, bàbá tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Má wò ó. Máa rìn." Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà na ife ọ̀hún sókè, ó ní, "Olùkọ́, ẹ wá bu díẹ̀ mu!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá sì dá wọn lóhùn pé, "Ó ti o, ẹ ṣeun."

"Ẹ ṣeun" yẹn ni kò tíì jáde kúrò létí Rẹ̀mílẹ́kún láti ọjọ́ náà.

Inú ọkọ̀ níbẹ̀ ló ti pe Alàgbà Oyèníran. Ó ní òun kò ní fọ adé, òun kò sì ní gbé e padà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, Pásítọ̀ Ọláníyọnu ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Alàgbà ti jókòó síbẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Pásítọ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó máa ń bẹ aláìsàn wò, ó sì máa ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gba ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ gbọ́, ẹnì kan sì ti sọ fún un pé wọ́n fẹ́ fi adé dé e lórí.

"Sister Rẹ̀mí," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń jà sí. Ṣebí àwa ni Ísírẹ́lì ti ẹ̀mí? Ohun tó jẹ́ tiwọn, tiwa ni."

"Ó dáa, sà. Ìyà tó jẹ wọn náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti gba tiyín níbẹ̀?"

Pásítọ̀ wo tábìlì.

"Owó mi ni mo fi rà á!" Alàgbà bẹ́ sọ́rọ̀. "N kò jí i. Àwọn ọmọ olóògbé ló tà á fún mi lójú ọ̀sán."

"Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀."

"Ẹ ń pè mí lólè?"

"Òwe ni mo pa, sà. Bó bá bá yín wí, ẹ gbà á."

Alàgbà dìde, ó ní òun á pe ọlọ́pàá, torí ohun ìní òun ló wà nílé obìnrin yìí. Rẹ̀mílẹ́kún dìde pẹ̀lú. "Ẹ pè wọ́n. Tí wọ́n bá dé, kí ẹ sọ fún wọn ohun tí ẹ gé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ gé sí i. Lẹ́tà tó wà lára adé yẹn, orúkọ ọmọ tó kú ni. Ẹ fẹ́ bó o kó lè máa dán." Kò dágbére fún wọn kó tó jáde.

Nílé, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Dáramọ́lá jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jà. "Rẹ̀mí, ìjọ yìí ló dúró tì wá nígbà tí ìyá mi kú tí a kò lè lọ sílé. Ṣé torí irin ni?" Rẹ̀mílẹ́kún kò bá a jiyàn. Ó gbé adé náà síwájú rẹ̀, ó fi kùkùté hàn án, ó sì sọ ti bàbá rẹ̀ àti ife ẹmu fún un. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ ọ́ fún un rí. Lọ́jọ́ Wednesday tí Alàgbà wá kan ilẹ̀kùn láti gba adé, Dáramọ́lá fúnra rẹ̀ ló dí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Alàgbà, ìyàwó mi kò sí nílé." Mọ́tò Rẹ̀mílẹ́kún sì ń bẹ lẹ́yìn Alàgbà gan-an lójú ilé, kò ju kó yíjú padà lọ.

Màmá Ilse ló sọ pé òun fúnra òun á lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Seth ọmọ rẹ̀ pe Rẹ̀mílẹ́kún lórí fóònù láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fẹ́ máa gbé ìyá òun kiri, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Màmá ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun. "Seth," ó ní, "ó kọjá lọ síbo?" Ó sì pa fóònù.

Ní ọ́fíìsì Pásítọ̀, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ti kẹ̀kẹ́ Màmá wọlé. Adé wà lórí itan rẹ̀ lábẹ́ ṣọ́ọ̀lù. Mummy Mọ́tọ́lá, ìyàwó Pásítọ̀, kúnlẹ̀ kí i. Pásítọ̀ náà dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì pẹ̀lú aṣọ àjọ̀dún lọ́rùn.

"Màmá, ìbùkún ńlá nìyí. Kí ọmọ Ísírẹ́lì gan-an wọ inú ilé wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ súre fún wa."

"N kò wá súre," ni Màmá Ilse wí. "Ẹni tó gé e ni mo wá rí."

Alàgbà Oyèníran dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti dàgbà. Ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ níbí," ni Màmá wí.

"Èmi ni, Ma," Alàgbà ní. "N kò mọ̀."

"O kò bèèrè."

Gbogbo ohun tó sọ fún un nìyẹn. Pásítọ̀ yára ní kí Màmá máa gbé adé rẹ̀ lọ, pé kò sí wàhálà. Màmá ní kì í ṣe adé òun. Rẹ̀mílẹ́kún rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí. Nígbà tí orin ìyìn rọlẹ̀, Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ti bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní òun kọ adé tí ènìyàn fẹ́ fi dé òun, òun sì pinnu pé kí ìjọ fi í ta àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ́rẹ. Gbogbo ilé hó. Àwọn onílù bẹ̀rẹ̀, fóònù yọ sókè láti ya Màmá Ilse ní fọ́tò níbi tó jókòó sí lẹ́yìn.

"Kí ló ń wí?" Màmá bèèrè.

Rẹ̀mílẹ́kún túmọ̀ ọ́ fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Ọrẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Ma."

"Tì mí jáde."

Ó tì í jáde. Láti inú ọkọ̀, wọ́n ṣì ń gbọ́ àtẹ́wọ́. Rẹ̀mílẹ́kún ti rò pé ìbínú òun á wálẹ̀ bí adé bá ti bọ́, àṣé ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí òun àti Màmá gbà lọ́wọ́ ìjọ tipátipá, Pásítọ̀ ti sọ ọ́ di ìwà ọ̀làwọ́. Màmá Ilse wò ó lójú, ó ní, "Ọlọ́pàá yẹn náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun tọ́jú ẹrù fún wa ni."

Wọ́n gbé adé náà fún àwọn tó ń wá ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá. Nínú ìdajì orúkọ tó kù, wọ́n mọ ìlú náà, ní Poland. Ogun ti jó sínágọ́gù ibẹ̀ kanlẹ̀, àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ kò sì ṣẹ́ kù. Wọn kò rí ẹnì kan nínú ìran Mendel àti Freide. Àwọn ọmọ olóògbé ní Covington ní sójà ni bàbá àwọn nígbà ogun, pé inú àpò rẹ̀ ló gbé adé náà bọ̀, kò sì sọ ibi tó ti rí i fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, sínágọ́gù kékeré kan ní Atlanta ló ń lò ó. Rẹ̀mílẹ́kún gbé Màmá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́. Irin kan ṣoṣo kò gbé adé náà dúró dáadáa. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìwé náà, ọkùnrin tó gbé ìwé sì fi ọwọ́ dì í mú bó ti ń rìn kọjá. Màmá sunkún. Rẹ̀mílẹ́kún kò sunkún, eyín ló fún pọ̀.

Ní ìjọ, wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń tọ́jú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un, wọ́n kàn fi kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn kan ní kó kúkú wá ìjọ mìíràn lọ, ó ní òun kò lọ síbì kankan, òun náà wà lára àwọn tó fọwọ́ kùn ún ní ọ̀dà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Mummy Mọ́tọ́lá wá bá a nílé, ó gbé èso wá, ó ní kó jọ̀ọ́ kó padà, pé láti ìgbà tí kò ti sí níbẹ̀ ni pẹpẹ kò ti rí bó ṣe yẹ kó rí.

"Mummy, mo máa padà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Ọjọ́ tí Pásítọ̀ bá dìde lórí pẹpẹ yẹn, tí wọ́n sọ pé kì í ṣe àwa la fi í tọrẹ, pé a gé e, àti pé ìyá arúgbó kan ló wá gbà á lọ́wọ́ wa, lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ọjọ́ Sunday gbogbo, ó máa ń jókòó sí ìlà kẹta, lápá ọ̀tún, níbi tí Pásítọ̀ ti gbọ́dọ̀ rí i bó bá gbójú sókè. Pásítọ̀ kò tíì sọ ọ́.